Táímìn bẹ́líìtì: ìlò “sán”, “fò”, “já” àti “ó tó pààrọ̀”

táímìn bẹ́líìtì (ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò). Bẹ́líìtì rọ́bà eléyín, tí a fi fọ́nrán tí ó lágbára há nínú, tí ó so kiráńkì ẹ́ńjìnnì mọ́ káàmù kí àwọn méjèèjì lè máa yí ní ìbámu.

Ìyàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn

Atúmọ̀ èdè tí ó bá kọ “ìgbànú àkókò” yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí ohun tí ènìyàn fi ń di ṣòkòtò mọ́dìí ni ìgbànú. Àyálò náà ni ó yẹ kí ó lò. Bákan náà, táímìn bẹ́líìtì yàtọ̀ sí fánbẹ́líìtì. Ìta ẹ́ńjìnnì ni fánbẹ́líìtì wà, ojú sì lè rí i. Abẹ́ ìdérí ni táímìn bẹ́líìtì wà, a kì í sì í rí i àfi bí a bá tú ìdérí náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì

Kiráńkì ni ó ń gbé pístìn lọ sókè sódò. Káàmù ni ó ń ṣí fáàfù. Bí kiráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré. Eyín bẹ́líìtì ni kò jẹ́ kí òǹkà yìí dàrú. Nínú ẹ́ńjìnnì Toyota 2L àti 3L, tí a mọ̀ nínú ọkọ̀ Hiace àti Hilux, bẹ́líìtì kan náà ni ó tún ń yí pọ́ǹpù tí ń ti dísẹ́ẹ̀lì lọ sínú sílíńdà.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni pístìn ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná tó láti mú epo gbiná. A máa ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ di nǹkan bí ìdá kan nínú 16 sí 22 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, ìdá kan nínú 9 sí 12 ni ó wọ́pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí pístìn bá dé òkè pátápátá, àyè tín-ín-tín ni ó máa ń ṣẹ́kù láàárín rẹ̀ àti fáàfù. Bí bẹ́líìtì bá já, káàmù yóò dúró, fáàfù kan yóò wà ní ṣíṣí, pístìn yóò sì gbá a. Fáàfù lè tẹ̀ tàbí kí ó kán. Pístìn pàápàá lè fọ́. Ìdí nìyí tí àṣìṣe nínú ìtumọ̀ fi lè ná onímọ́tò ní odindi ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a rìn

sán: “Ẹ̀yìn bẹ́líìtì náà ti sán.” Ó ti la lójú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yí. Bẹ́líìtì mìíràn lè gbó láìsán rárá, nítorí náà “kò tíì sán” kò túmọ̀ sí “ó dára.”

dẹ̀: “Bẹ́líìtì náà ti dẹ̀.” Kò le mọ́ bí ó ti yẹ. Òdì-kejì rẹ̀ ni “le”.

fò: “Bẹ́líìtì náà ti fo eyín kan.” Kò já, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ibi tí ó yẹ kí ó wà, ẹ́ńjìnnì lè máa rú èéfín, tàbí kí ó ṣòro láti sítáàtì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyèsí ohùn: “fò” ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó di “fo”, ohùn àárín, níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀.

já: “Bẹ́líìtì já lójú ọ̀nà.” Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún okùn àti òwú nìyí, òun náà ni ó sì yẹ bẹ́líìtì. “Gé” ń fẹ́ ẹni tí ó mú ohun mímú dání: “Mẹkáníìkì fi ọ̀bẹ gé bẹ́líìtì àtijọ́ náà.” “Kán” àti “fọ́” wà fún ohun líle, bí irin àti àwo. Lẹ́yìn “já”, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó kàn: “Ẹ má ṣe tún un sítáàtì.”

Iná T-BELT

Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì, iná kan wà tí a kọ T-BELT sí. Ó máa ń tàn nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin iye kìlómítà tí a ṣètò fún un, 100,000 nínú ọ̀pọ̀ wọn. Iná náà kò mọ ipò tí bẹ́líìtì wà. Kìlómítà nìkan ni ó ń kà.

“Bẹ́líìtì ti já” kò tọ̀nà: bí ó bá ti já, ẹ́ńjìnnì ì bá ti kú. “Bẹ́líìtì ti bàjẹ́” náà kò tọ̀nà, ó sì léwu jù: awakọ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ ń sáré dáadáa, yóò pe iná náà ní onírọ́, yóò sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ tí ó péye ni: “Ó tó àkókò láti pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì.”

Mẹkáníìkì lè pa iná yìí láìpààrọ̀ bẹ́líìtì. Nítorí náà, nínú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí kò ní ìwé àtúnṣe, iná tí kò tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Gbólóhùn tí ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ni: “Ọ̀gá, ẹ bá mi pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì àti kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó ń mú un le.”

“Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé”

Ìwé ọkọ̀ sábà máa ń fi òǹkà méjì lélẹ̀, kìlómítà àti ọdún, nítorí rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Ká ní ìwé kan sọ pé 100,000 kìlómítà tàbí ọdún 5, tí ọkọ̀ náà sì ń rin 10,000 lọ́dún. “Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì” yóò mú kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún karùn-ún. “Nígbà tí méjèèjì bá pé” yóò sún un di ọdún kẹwàá, ìyẹn ìlọ́po méjì ọjọ́ orí tí ìwé náà fún un.

Tún wo: fánbẹ́líìtì; já; pààrọ̀; tòkúnbọ̀.