Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ba ni Prince George's County?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi Prince George's ní Maryland ṣe ilé, àmọ́ àwọn Piscataway, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló nilẹ̀ náà. Tayac ni wọ́n ń pe ọba wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn werowance, olórí ìlú kéékèèké, wà, bí baálẹ̀ ṣe ń wárí fún ọba nílẹ̀ wa. Moyaone, ní Accokeek létí odò Potomac, jẹ́ ìlú ńlá wọn nígbà kan.

Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún oyè. Bí Tayac bá wàjà, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń gorí ìtẹ́, kì í ṣe ọmọ tó bí. Oyè náà sì dùn débi pé Kittamaquund pa Wannas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó jọba. Kittamaquund yìí náà ló ṣèrìbọmi di Kristẹni lọ́dún 1640.

Àwọn Susquehannock, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn, ń gbógun tì wọ́n láti àríwá, wọ́n bá sá di òyìnbó, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn ní 1666. Òyìnbó gba ilẹ̀ wọn. Nígbà tó yá, ìwé ìjọba kọ àwọn tó ṣẹ́kù mọ́ aláwọ̀ dúdú àti ẹlẹ́jẹ̀ àdàlù, bí ẹni pé Piscataway kò sí mọ́. Èyí dùn mí ju ilẹ̀ lọ.

Turkey Tayac, ọmọ Piscataway tó jẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú ní 1978, òfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ráyè sin ín sí Moyaone, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2012 ni Maryland tó gbà pé àwọn Piscataway wà. Bí o bá ń gbé ibẹ̀, jọ̀wọ́ kọ́ ọmọ rẹ lórúkọ onílẹ̀.