Olùtọ́jú Ọkàn Kì í Dá Iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣe

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tí ó ń mú ọkàn.

Ẹ wo ìyá kan tí ó ń ṣe epo pupa tà. Ọkọ rẹ̀ kú, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rí oorun sùn mọ́. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Ó ti pẹ́ tí kò ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àìsàn ni. Ìsoríkọ́ ni a ń pè é, ó sì ní ìtọ́jú.

KÍ NI OLÙTỌ́JÚ ỌKÀN Ń ṢE?

Olùtọ́jú ọkàn ni ẹni tí ó kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀, bí ọkọ́ ti jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀. Èyí tí ó mọ iṣẹ́ kì í jágbe mọ́ni, kì í sì í dáni lẹ́jọ́. Yóò fi ọ̀yàyà gbà yín. Yóò fetí sílẹ̀. Yóò béèrè pé: "Ìyá, èwo ló ń dùn yín jù? Kí ni ẹ rò pé a lè kọ́kọ́ ṣe sí i?" Bí ó bá jẹ́ gbèsè ni, wọ́n lè jọ ronú bí ìyá yóò ṣe bẹ olówó kí ó lè máa san án díẹ̀díẹ̀.

Olùtọ́jú mọ àìsàn. Aláìsàn mọ ayé ara rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ ARO

Ìtọ́jú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ti wáyé nítòsí wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà náà, ní ibi púpọ̀, ṣe ni wọ́n ń de àwọn tí orí wọn dàrú, tí wọ́n sì ń tì wọ́n mọ́lé. Lambo gba ọ̀nà mìíràn. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aro ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé. Ẹnìkan nínú ẹbí ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un. Aláìsàn yóò gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ oko. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú láti bá a ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ènìyàn máa ń tètè gbádùn láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

BẸ́ǸṢÌ ÀWỌN ÌYÁ ÀGBÀ

Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí Dókítà Dixon Chibanda ń tọ́jú pa ara rẹ̀. Ẹbí rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ mú un padà wá sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà dun dókítà gidigidi. Ní 2006, ó kọ́ ìyá àgbà 14 ní iṣẹ́ yìí ní ìlú Harare. Wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí "ìrònú àpọ̀jù" ń dà láàmú.

Ẹni tí ó wá yóò ka ìṣòro rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ̀kan. Òun àti ìyá àgbà yóò jọ wá ohun kékeré tí ó lè ṣe. Yóò padà wá sọ bí ó ti rí.

Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi èso rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 ènìyàn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nǹkan bí 14 ni ìsoríkọ́ ṣì ń yọ lẹ́nu. Nínú 100 tí ó gba ìtọ́jú àtijọ́, nǹkan bí 50 ni.

KÍ NI ÀWA LÈ ṢE?

1. Bí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Ẹ sọ nípa oorun àti ìrònú yín bí ẹ ti ń sọ nípa ibà. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọkàn ní Jacquot, ní Kútọnu.

2. Ẹ fetí sí aláìsàn kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Ẹ bi í pé: "Kí ni a lè jọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

3. Ẹ má ṣe dè é, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi ebi pa á.

4. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn koríko kúrò nílé. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ JÍRÒRÒ: Ta ni ó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ ní abúlé yín, tí kì í tú àṣírí? Báwo ni ẹ ṣe lè ràn án lọ́wọ́ kí ó máa gbọ́ ti àwọn tí ọkàn wọn wúwo?