Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè? Bí A Ṣe Ń Ka Àkókò Tí Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan Lò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n òtítọ́ ni. Ìbéèrè wa nìyí: nígbà tí iṣẹ́ púpọ̀ bá ń pín ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò, báwo ni a ṣe ń mọ iye àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lò?

Ẹ jẹ́ kí a ti oko bẹ̀rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá jáde nílé ní aago méje òwúrọ̀, tí ó sì padà dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́wàá ni kò fi sí nílé. Ǹjẹ́ wákàtí mẹ́wàá ni ó fi roko bí? Rárá o. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó jẹun, ó sì dúró kí òjò dá. Àkókò tí ó fi wà lóko yàtọ̀ sí àkókò tí ọkọ́ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kan lè wà níbẹ̀ fún wákàtí kan kí ó má lo ọpọlọ ẹ̀rọ tó ìṣẹ́jú kan, nítorí pé ó ń dúró de ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì, tàbí de ohun tí yóò ti inú dísíìkì wá.

Olùkọ́ tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó ń lo Linux, ètò aṣàkóso tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, lè fi èyí han kíláàsì rẹ̀. Kí ó kọ time sleep 5. Iṣẹ́ náà yóò sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, lẹ́yìn náà ni ìlà mẹ́ta yóò jáde: real, user àti sys. Real ni àkókò tí aago ara ògiri kà, yóò sì fi díẹ̀ lé ní 5. User ni àkókò tí ọpọlọ ẹ̀rọ fi ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Sys ni èyí tí kernel, tí í ṣe kókó ètò aṣàkóso, fi bá a ṣiṣẹ́. Méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Ẹni tí ó sùn kò jẹ gbèsè.

Kernel yìí ni ó ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ fún àwọn iṣẹ́, òun náà ni ó sì ń kọ ìwé ìṣirò. Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà kọ ọ́.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ọ̀nà ìlù aago. Aago kan wà nínú ẹ̀rọ tí í máa lù déédéé. Lórí kọ̀ǹpútà tí a ń lò nílé àti ní ọ́fíìsì, ìlù 100 ni Linux ń lù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2003, wọ́n sọ ọ́ di 1000. Ní 2005, wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ́ kernel yan iye tí ó bá fẹ́, wọ́n sì fi 250 ṣe ìpìlẹ̀. Bí aago bá ti lù, kernel a wo iṣẹ́ tí ó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú náà, a sì ka gbogbo àkókò láti ìlù ìṣáájú sí i lọ́rùn.

Kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta kan. Ó ń yọjú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì bá nídìí ẹ̀rọ ni ó ń gba owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan dé kété tí ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ ata rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó gbé igbá, ó lọ. Obìnrin kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ da tirẹ̀ sí i ni olówó ẹ̀rọ yọjú. Ẹni tí ó lo ìṣẹ́jú kan ni ó san owó mẹ́wàá. Ẹni tí ó lo mẹ́sàn-án kò san kọ́bọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ó bá pẹ́ títí, èrè ọ̀kan yóò dí àdánù èkejì. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí olówó ẹ̀rọ yóò yọjú. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n bí olè bá mọ ọjọ́ olóhun ńkọ́?

Ní 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Dan Tsafrir, Yoav Etsion àti Dror Feitelson, dáhùn ìbéèrè yìí. Wọ́n fi hàn pé ètò kékeré kan tí kò ní àṣẹ pàtàkì kankan lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìlù aago, kí ó sì yẹra kí òmíràn tó lù. Ó lè gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ, kí ìwé kernel sì máa sọ pé kò lo nǹkan kan. Ewu rẹ̀ kò mọ sí owó nìkan. Ìwé yìí kan náà ni kernel ń wò kí ó tó pinnu ẹni tí ó kàn. Ẹni tí ìwé bá sọ pé kò tíì jẹ púpọ̀ ni yóò tún kọ́kọ́ bù fún. Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá ń pín ẹ̀rọ kan lò, ẹnìkan ṣoṣo lè fi ebi pa ìyókù, ìwé ìṣirò yóò sì dá a láre.

Ọ̀nà kejì ni kíkọ ìgbà ìwọlé àti ìgbà ìjáde. Nígbàkúùgbà tí kernel bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kan kúrò kí ó gbé òmíràn sípò, yóò wo aago tí ó ń ka ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, yóò sì yọ ìgbà ìwọlé kúrò nínú ìgbà ìjáde. Lọ́nà yìí, ẹni tí ó yẹra kí aago tó lù kò bọ́. Ọ̀nà yìí ni ètò ìpín-àkókò tí Ingo Molnár kọ fún Linux gbà. Ó jáde nínú Linux 2.6.23 ní oṣù kẹwàá 2007. Ní 2023, ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú Linux 6.6, ṣùgbọ́n wọn kò pa òṣùwọ̀n tíntìntín náà tì.

Bí ó ti wù kí ó rí, òṣùwọ̀n náà ní owó tirẹ̀. Wíwo aago gan-an ń jẹ àkókò, iṣẹ́ kan sì lè wọ inú kernel kí ó sì jáde ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ń wo aago ní gbogbo ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí, òṣùwọ̀n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ohun tí ó ń wọ̀n. Nítorí náà, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àpapọ̀ àkókò iṣẹ́ kan péye, ṣùgbọ́n ìlù aago ni a ṣì fi ń pín in sí user àti sys. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìpín méjèèjì yìí tó bí ẹ ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àpapọ̀ wọn, pàápàá fún iṣẹ́ tí kò pẹ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi iye kan hàn wá, ẹ má jẹ́ kí ó tó wa pé ẹ̀rọ ni ó sọ ọ́. Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín láti béèrè pé: ta ni ó wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni ó yọjú, ta ni ó sì mọ ìgbà tí ó ń yọjú? Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó jẹ jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ igbá ìwọ̀n wò.