Bí Omi Púùlù Bá Di Aláwọ̀ Ewé, Kí Ọmọ Má Wọ̀ Ọ́

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn. Ó ní òun àti àwọn ará ilé òun rin ìrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí àwọn sì padà dé, omi púùlù tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ti di aláwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹni tí ń bá wọn tọ́jú ọgbà ní: “Màmá, ẹ má dààmú, ewéko lásán ni, kì í pa ènìyàn.” Àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ láràárọ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn lúwẹ̀ẹ́. Ìyá náà bèèrè pé: ṣé kí òun gbà fún wọn, àbí kí òun tú gbogbo omi náà dànù?

Ìyá wa, ẹ má ṣe èyí, ẹ má sì ṣe ìyẹn. Kí ọmọ kankan má fi ẹsẹ̀ kan omi náà, kí ẹ má sì sáré tú u dànù. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí púùlù kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní ilé àwọn ènìyàn ní àwọn ìlú ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé kò mọ ohun tí àwọ̀ omi náà ń sọ fún wọn.

Kí ni ohun aláwọ̀ ewé náà?

Ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ewéko ti ń ṣe. Ìbátan rẹ̀ ni ohun yíyọ̀ tí a máa ń rí lára ìkòkò omi àti lẹ́bàá kànga. Afẹ́fẹ́ ń gbé e wá, òjò ń gbé e wá, eruku ọyẹ́ àti ewé tí ó jábọ́ sínú omi sì ń fún un ní oúnjẹ. Kò sí púùlù tí kì í wọ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó gbilẹ̀ ni kílóríìnì, oògùn kan náà tí àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń lò láti pa kòkòrò àrùn. Láti 1908 ni ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà ti ń fi irú oògùn yìí sínú omi mímu aráàlú.

Ṣùgbọ́n kílóríìnì kì í pẹ́ nínú omi. Oòrùn ń jẹ ẹ́, òjò ńlá ń là á, òógùn àti ìtọ̀ àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ sì ń gba agbára rẹ̀. Bí ó bá tán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni omi yóò yí padà.

Nítorí náà, ẹ ka àwọ̀ ewé náà sí ẹlẹ́rìí. Ó ń jẹ́rìí pé oògùn ti tán nínú omi. Ibi tí oògùn bá sì ti tán, kì í ṣe ohun aláwọ̀ ewé nìkan ni ó lè gbé ibẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, etí dídùn àti ara yíyún lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọdé kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n má gbé omi mì.

Ẹ má rò pé ilé ọ̀lẹ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brazil, gbogbo ayé rí i bí omi tí àwọn olùdíje ń bẹ́ sí ṣe di aláwọ̀ ewé. Àwọn aláṣẹ ṣàlàyé pé a ti da lítà 80 oògùn mìíràn tí a ń pè ní hydrogen peroxide sínú omi tí ó ní kílóríìnì. Oògùn méjèèjì dára láyè ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan pa agbára èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má da oògùn tí kò mọ̀ sínú púùlù.

Ewu tí ó ju àrùn lọ

Ewu tí ó burú jù ni pé a kì í rí ìsàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń rì kì í pariwo. Wẹ́rẹ́ ni yóò rì, bí ojú kò bá sì rí i, ọwọ́ kò lè fà á jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, obìnrin kan rì sínú púùlù ìlú ní Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Omi náà ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ méjì sì kọjá kí a tó rí òkú rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ omi, kí ni a ó wí nípa ẹ̀yìnkùlé wa? Àwọn àgbà sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí.

Ẹ tún rántí ẹ̀fọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò, omi tí ó dúró láìní oògùn sì dára fún un. Ní ọdún 2007, ní Bakersfield ní California, ọ̀pọ̀ onílé tí kò lè san gbèsè ilé wọn mọ́ pa púùlù wọn tì. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé púùlù aláwọ̀ ewé wọ̀nyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àrùn West Nile, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ibà ni a ó máa bẹ̀rù.

Bí a ó ti tún omi náà ṣe

Ìkíní: Ẹ ti ọ̀nà púùlù pa, kí ẹ sì kó ewé àti pàǹtí jáde. Ẹ má tú gbogbo omi dànù, pàápàá ní ibi tí omi ilẹ̀ sún mọ́ òkè bí ti etí ọ̀sà ní Èkó, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti púùlù tí ó ṣófo sókè kí ó sì sán an.

Ìkejì: Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ògiri, àtẹ̀gùn àti ìsàlẹ̀, nítorí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri kì í jẹ́ kí oògùn wọ òun lára.

Ìkẹta: Ẹ ra ohun ìdánwò omi. Kí pH omi wà láàárín 7.0 sí 7.8. Bí ó bá ju 8 lọ, agbára kílóríìnì tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìkẹrin: Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, ẹ fi kílóríìnì púpọ̀ sí i. Púùlù tí ó gùn ní mítà 8, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì jìn ní mítà 1.5 ń gba lítà omi 48,000. Bí kílóríìnì yín bá jẹ́ oníyẹ̀fun tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100, bí gíráàmù 740 ni yóò mú kí lítà omi kọ̀ọ̀kan ní miligíráàmù 10. Ẹ pò ó sínú omi inú garawa díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dà á yí etí púùlù ká. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù àti asẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí omi bá ṣì tutù bí ewé ní ọjọ́ kejì, ẹ tún un ṣe.

Ìkarùn-ún: Ohun tí ó ti kú yóò di funfun tàbí eérú. Ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé ara àpò rẹ̀ ti wí, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ó lè sùn sí ìsàlẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ fà á jáde tààrà sí ìta, kí ẹ sì fọ asẹ́.

Ẹ kíyè sára: oògùn ni ẹ ń dà sínú omi, ẹ kò gbọdọ̀ da omi sórí oògùn. Ẹ má pò kílóríìnì mọ́ ásíìdì láé, nítorí èéfín olóró ni yóò jáde. Oríṣi kílóríìnì méjì tí a pò lè gbiná. Ẹ tì wọ́n mọ́lé kúrò lọ́wọ́ ọmọdé.

Nígbà wo ni ọmọ lè wọ̀ ọ́?

Nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́bàá púùlù, tí ẹ sì rí ihò omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ó jìn jù lọ kedere. Tí kílóríìnì ti padà sí miligíráàmù 1 sí 4 nínú lítà kan. Tí pH sì dára. Bí ọ̀kan bá kù, kò tíì yá. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dán omi wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ẹ bá ń rin ìrìn àjò, ẹ fi iṣẹ́ náà lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí àgbàlagbà kan máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo tí ọmọ bá wà nínú omi.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìyá wa, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ìsinmi yóò tún dé, ṣùgbọ́n ọmọ tí omi bá gbé lọ kì í padà.