Igún kì í kú léwe kẹ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa á tán!

Ta ni kò mọ àdúrà àwọn àgbà pé igún kì í kú léwe? Àdúrà náà ti fẹ́ẹ́ dojú rú báyìí o, nítorí igún fúnra rẹ̀ ni ikú ń wá kiri. Ẹ dé Olúpọ̀nnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó, kẹ́ ẹ bi àwọn àgbàlagbà léèrè: ìgbà wo ni wọ́n rí igún kẹ́yìn lórí àkìtàn tàbí níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù?

Fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ò rí i rí, igún tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ilẹ̀, orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Tínú bá bí i, ńṣe lojú náà ń pọ́n sí i bí ẹ̀jẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló fi ń ṣa ẹran tó ṣẹ́ kù lára eegun táwọn ẹyẹ ńláńlá bá jẹ tán. Òkú ẹran, ìfun, ìgbẹ́ pàápàá, gbogbo ẹ̀ ló ń kó mì. Oje inú rẹ̀ le débi pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Ká sòótọ́, wolé-wolé tí kì í gba rìbá ni!

Ọmọ bíbí rẹ̀ ló ṣòro. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé sórí igi gíga. Takọtabo ni wọ́n jọ ń sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ méje, ọmọ náà á sì lò tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó fò. Tí wọ́n bá pa ọ̀kan, àrọ́pò rẹ̀ kì í yá.

Ta ló wá ń pa á? Àwọn tó ń forí ẹ̀ ṣoògùn ni o! Wọ́n á po májèlé mọ́ ẹran fún un. Ní Guinea-Bissau, láàrin 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa, wọ́n sì bá àwọn kan nínú wọn láìlórí. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó ku díẹ̀ kí wọ́n pa run.

Ẹni tó bá ní kí ló kan òun, kó wo Íńdíà. Oògùn diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù ló pa igún wọn nípakúpa láti àwọn ọdún 1990. Òkú màlúù kò rẹ́ni jẹ ẹ́ mọ́, àfi ajá. Ni ajá ìgboro bá ń pọ̀ sí i, dìgbòlugi náà ò gbẹ́yìn. Ọdún 2006 nìjọba wọn tó fòfin de oògùn náà fún màlúù, ẹ̀pa ò sì fẹ́ẹ́ bóró mọ́.

Àwọn baba wa kò gọ̀ tí wọ́n fi ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ẹni tó torí owó pa igún lónìí, ta ni yóò bá a kó ìdọ̀tí lọ́la?