Èémí Tí À Ń Mí: Bí Ó Ṣe Ń Dé Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Dí I Lọ́nà

Ìwé ìlàlóye fún òbí àti gbogbo ará ilé

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdajì lítà afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ọ́síjìn kó ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ náà. Nígbà tí a bá fi mí i síta, á ti dín kù sí nǹkan bí ìdá 16, kábọ́ọ̀nù dáọ́ksáídì tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ á sì ti di ìdá 4. Pàṣípààrọ̀ yìí ni ìwé yìí dá lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àyà bá ti ń lọ sókè sódò, kò séwu. Ewu wà. Àyà lè máa lọ sókè sódò kí pàṣípààrọ̀ má wáyé rárá.

Ibi tí pàṣípààrọ̀ ti ń wáyé

Iṣan ńlá kan tẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín àyà àti ikùn. Bí ó bá súnkì, á wálẹ̀, egungun ìhà á gbéra síta, àyè á gbà nínú àyà, afẹ́fẹ́ á sì rọ́ wọlé. Imú á nu eruku ara rẹ̀, á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì fi ọ̀rinrin sí i. Ìdí nìyẹn tí mímí gba imú fi sàn ju gba ẹnu lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Láti ọ̀nà ọ̀fun, ojú ọ̀nà á pín sí méjì, á tún máa yẹ̀ka títí yóò fi dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n tó 300 mílíọ̀nù nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà. Bí a bá lè tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á bo yàrá tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 7.

Awọ àpò wọ̀nyí fẹ́lẹ́ gan-an, ó máa ń rin nígbà gbogbo, òpójẹ̀ tín-ín-rín sì yí i ká. Kò sí ohun tó ń ti ọ́síjìn kọjá níbẹ̀. Ibi tí ó bá ti pọ̀ ló ti máa ń lọ síbi tí kò ti pọ̀: ó pọ̀ nínú àpò, kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ara bọ̀, nítorí náà ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dáọ́ksáídì náà ń gba ibẹ̀ jáde. Ọkàn á wá gbé ẹ̀jẹ̀ náà káàkiri, sẹ́ẹ̀lì á sì fi ọ́síjìn jó ṣúgà tó wá láti inú oúnjẹ kí ara lè ní agbára.

Ara kì í tọ́jú ọ́síjìn pa mọ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá. Bí ọpọlọ kò bá rí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: kábọ́ọ̀nù dáọ́ksáídì tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kó ṣe wá bíi pé ká mí. Kì í ṣe ọ́síjìn tó ń dín kù. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé orí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn

Awọ tó fẹ́lẹ́, tó sì rin, ni gbogbo ẹ̀dá ń wá. Ekòló ń mí láti ara awọ rẹ̀. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ó kú. Tata ní ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ tààrà sí ara rẹ̀, láìgba inú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹja ni àwọn ohun pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí alẹ́ja máa ń yọ dànù. Lítà omi kan kò ní tó ìdá kan nínú 30 ọ́síjìn tó wà nínú lítà afẹ́fẹ́ kan, bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ló ń dín kù. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn tó fi ń lo afẹ́fẹ́ òde, ìyẹn ló fi ń pẹ́ láyé nínú agbada lọ́jà. Ewé náà ń mí, tọ̀sán-tòru, àmọ́ òdòdó tí ẹ gbé sí yàrá kò lè gba ọ́síjìn mọ́ yín lọ́wọ́ lóru.

Ọmọ tó ń sáré mí

Òtútù àyà tí dókítà ń pè ní nùmóníà kò ti inú omi tútù wá. Kòkòrò àrùn ló wọ àwọn àpò afẹ́fẹ́, tí omi àti ọyún fi kún wọn. Ọmọ ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò rí ẹ̀jẹ̀ fojú kàn, ni ọmọ bá ń sáré mí.

Ẹ lè ka èémí náà fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fara balẹ̀, kó má sunkún, kó má sì máa mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ lè rí ikùn. Ẹ fi fóònù ṣọ́ ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí èémí ọmọdé kì í dọ́gba. Gbogbo ìgbà tí ikùn bá gbéra, ẹyọ kan ni. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó 60, bí ti oṣù 2 sí 11 bá mí tó 50, tàbí bí ti ọdún 1 sí 4 bá mí tó 40, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ìsàlẹ̀ ìhà bá ń wọnú nígbà tó bá ń fa èémí, bí kò bá lè mu ọmú mọ́, tàbí tí gìrì bá mú un, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ètè ọmọ aláwọ̀ dúdú lè máà fi hàn pé ọ́síjìn ti dín kù. Ẹ wo ahọ́n àti erìgì. Róòbù tí ẹ fi ń pa á láyà kò lè fa ọyún jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára PCV ń dènà ọ̀kan pàtàkì lára àwọn kòkòrò tó ń fa nùmóníà. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Bí ẹ bá ń fi igi dáná, ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ààrò.

Èéfín jẹnẹrétọ̀

Kábọ́ọ̀nù mónóksáídì ni gáàsì tó ń pa èèyàn nínú èéfín yìí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró kì í lé e padà.

Nínú ẹ̀jẹ̀, hẹmoglóbìn ló ń gbé ọ́síjìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìjókòó mẹ́rin, bíi ọkọ̀ èrò. Ọ́síjìn á wọkọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, á sọ̀ níbi tí ara ti nílò rẹ̀. Gáàsì olóró yìí ń di ìjókòó mú ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ, ọ́síjìn tó bá sì bá a wọkọ̀ kì í fẹ́ sọ̀ mọ́. Kábọ́ọ̀nù dáọ́ksáídì ṣì ń jáde bó ṣe yẹ, nítorí náà èémí kì í há, ara kì í ké gbàjarè. Orí á kàn máa fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, ara á rọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú wọn.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ó kéré tán mítà 6, kí ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú síta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, báńkóní àti inú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ibi rẹ̀, ì báà jẹ́ nítorí olè. Fèrèsé tí ẹ ṣí kò tó. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé face-me-I-face-you kò ní àyè mítà 6. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa á kí ẹnikẹ́ni tó sùn, kí ẹ sì bá ará ilé kejì sọ ọ́, torí èéfín tiwọn lè gba ojú fèrèsé yín wọlé. Èédú tó ń jó nínú yàrá nígbà ọyẹ́ ń mú gáàsì kan náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù tí àwọn kan ń sọ̀ sínú kànga láti fa omi.

Bí ẹ bá bá ẹnì kan nílẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé e síta kíá, kí ẹ̀yin náà má bàa ṣubú. Ẹ pe 112. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Gáàsì kọ́ ló wà nínú ikùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọ̀fun ẹni tó dákú kì í lè dènà, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà máa gbà lọ, á sì bo àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó kù fún un.

Ẹ rí i pé ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín gáàsì yìí àti ọ́síjìn; ó lè gbé 98 jáde lára ẹni tó ń kú lọ. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí 4 sí 5 ni ìdajì gáàsì náà fi ń kúrò lára. Pẹ̀lú ọ́síjìn inú sílíńdà, kì í sábà ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó ti jí padà gbọ́dọ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Ti aláboyún le jù, torí gáàsì náà máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú ju ti ìyá lọ. Bí orí fífọ́ nìkan bá tilẹ̀ ni, kó wá.