Hẹ́dífóònù Olówó Gọbọi: Kí Gan-an Lowó Ń Rà?

Hẹ́dífóònù aláìní-wáyà, irú èyí tó ń bo gbogbo etí, wà lọ́jà ní 50 dọ́là, ó sì wà ní 700. Méjèèjì ń fi Bluetooth gba orin látinú fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí méjèèjì pé wọ́n ń dín ariwo kù. WH-1000XM5 ti Sony jáde ní 400 dọ́là lọ́dún 2022. XM6 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2025 sún un dé 450. AirPods Max ti Apple, tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2020, jẹ́ 549. Px8 ti Bowers & Wilkins, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní 699. Bí wọ́n bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, 400 dọ́là di 600,000 náírà, láìtíì ka owó ìkẹ́rù àti èrè ọlọ́jà mọ́ ọn. Owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́jọ láìjẹ láìmu, owó náà kò sì ní í pé.

Ọ̀pọ̀ olùrà gbà pé ohùn tó dára ni àwọn ń sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn gan-an ni owó kò fi bẹ́ẹ̀ kàn.

Nínú ìdérí etí kọ̀ọ̀kan, sípíkà kékeré kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 30 sí 50 mìlímítà. Òòfà kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká róbótó àti ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ń mú kí òòfà máa tì í kó sì máa fà á. Ike náà a gbọ̀n, á mi afẹ́fẹ́, etí á sì gbọ́ orin. Ilé-iṣẹ́ Eugen Beyer ní Berlin ti fi ọgbọ́n yìí ṣe hẹ́dífóònù DT 48 lọ́dún 1937. Iṣẹ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aráyé kì í wọ́n láti ṣe mọ́. Lọ́dún 2017, ìwádìí kan tí Jeroen Breebaart ṣe jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohùn ní Amẹ́ríkà. Ó wo bí hẹ́dífóònù 283 ṣe ń gbé ohùn jáde, láti orí béèsì dé orí ohùn tó tinrín jù, ó wá fi í wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí i pé ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì.

Èyí kò sọ pé gbogbo hẹ́dífóònù ló rí bákan náà létí. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ gan-an. Iye owó ni kò lè sọ ibi tí ìyàtọ̀ náà yóò gbà. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Harman ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán èyí wò: wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa gbọ́ orin láìmọ irú hẹ́dífóònù tí wọ́n ń gbọ́. Wọ́n rí i pé ìtò ohùn tó jọra ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fẹ́ràn. Ìtò yẹn wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà, ilé-iṣẹ́ kékeré lè tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ńlá sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń gbọ́ jùjú tàbí fújì ju bó ṣe rò lọ. Hẹ́dífóònù tí wọ́n bu béèsì sí ní àbùjù yóò jẹ́ kí ìlù máa dún gbì-gbì, ṣùgbọ́n ohun tí gángan ń wí kò ní í yé onítọ̀hún mọ́. Áàpù tó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn rìn lè tún irú èyí ṣe, owó kò sì sí níbẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ni owó ńlá ń rà.

Ohùn jẹ́ ìgbì nínú afẹ́fẹ́, tó ń ga tó sì ń rẹlẹ̀. Bí ìgbì mìíràn bá dìde lásìkò kan náà, tó rẹlẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ ti ga, tó sì ga níbi tí tọ̀hún ti rẹlẹ̀, àwọn méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́. Paul Lueg, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó yára tó láti mú un ṣe nígbà náà. Ní 1978, Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT, wọ bàálù láti Zurich padà sí Boston. Hẹ́dífóònù tí wọ́n fún un nínú bàálù kò lè borí ìkùn ẹ́ńjìnnì, ló bá mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí ìjókòó. Ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú lè rà jáde. Ṣáájú ìgbà náà, Dick Rutan àti Jeana Yeager ti fi àpẹẹrẹ rẹ̀ sétí lóṣù Kejìlá ọdún 1986, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú Voyager yí ayé po láìbalẹ̀, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ariwo tó lè sọ èèyàn di adití. QuietComfort, tí Bose ṣe fún ará ìlú, dé lọ́dún 2000. Sony kó wọ agbo náà gidi lọ́dún 2016 pẹ̀lú MDR-1000X, ìdíje àwọn méjèèjì ló sì gbé iṣẹ́ yìí dé ibi tó dé lónìí.

Lára hẹ́dífóònù òde òní, maikirofóònù wà níta ìdérí etí tó ń gbọ́ ariwo kó tó wọlé, àwọn mìíràn wà nínú tó ń gbọ́ èyí tó ti rá wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣírò yóò ṣe ìgbì tó lòdì sí ariwo náà, yóò sì fi í kún orin. Ó ṣe pàtàkì kí èèyàn mọ irú ariwo tí èyí ń bá jà. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Bí ìṣirò bá fi díẹ̀ pẹ́, kò ba nǹkan jẹ́. Ti èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 5,000 kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méje lọ, ìyẹn ni pé àṣìṣe díẹ̀ péré ti bà á jẹ́. Nítorí náà, ìkùn bàálù, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìṣirò ń mú. Hóònù, igbe ọmọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Fóòmù àti awọ tó yí etí ká ló ń dí díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá rò pé òun yóò fi 450 dọ́là ra ìsinmi lọ́wọ́ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀.

Níhìn-ín, ti olówó ńlá borí lóòótọ́. XM6 ní maikirofóònù 12, irú wọn sì máa ń dín ohùn èèyàn kù ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ariwo afẹ́fẹ́ sínú etí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Sony fúnra rẹ̀ ló dín àlàfo náà kù. WH-CH720N, tó gbé jáde lọ́dún 2023 ní 150 dọ́là, ń lo ẹ̀rọ ìṣirò V1 kan náà tó wà nínú XM5. Space One ti Soundcore, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà ní nǹkan bíi 100 dọ́là, ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìkùn bọ́ọ̀sì mì. Láti 50 dọ́là dé 150, etí yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti 150 dé 450, àfi kí èèyàn fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lókè ibẹ̀, awọ àti irin ló kù.

Awọ àti irin náà kì í ṣe lásán fẹ́ni tó bá fẹ́ wọn. Px8 ń lo awọ gidi, ìdérí etí AirPods Max sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Àmọ́ irin ń wúwo: AirPods Max lé ní 380 gíráàmù, XM5 jẹ́ 250, CH720N tó jẹ́ ike lásán kò sì ju 192 lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ọrùn kì í béèrè iye tí wọ́n ra ohun tó wà lórí.

Bluetooth fúnra rẹ̀ tún fi òté lé ohùn. Orin inú CD ń lo 1,411 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. LDAC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí Sony ṣe, kò lè gbé ju 990 lọ, ó sì tún máa ń já wálẹ̀ níbi tí Bluetooth bá ti pọ̀. iPhone kì í lo LDAC rárá. AAC ni tirẹ̀. Ẹni tó ń fi iPhone gbọ́ orin kò ní ìdí láti san owó kún owó nítorí àmì LDAC tó wà lára páálí. Orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tiẹ̀ dé ibi tí irú ìyàtọ̀ yìí ti ń hàn. Bí ìpè bá sì wọlé, tí maikirofóònù hẹ́dífóònù náà ṣí, ọ̀nà tí Bluetooth àtijọ́ ń gbà gbé ìpè yóò dín ohùn kù gan-an, ì báà jẹ́ ti olówó ńlá tàbí ti olówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló sábà máa ń da ìṣirò olùrà rú, àwọn tó ń polówó ọjà kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Wọn á sọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò lórí iná ẹ̀ẹ̀kan: 60 fún Momentum 4 ti Sennheiser, 30 fún XM5, 20 fún AirPods Max. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bátìrì lítíọ̀mù ń gbó pẹ̀lú gbígba iná àti ooru, débi pé lẹ́yìn bí ìgbà 500 tí wọ́n ti gbé e láti òfo dé kíkún, agbára rẹ̀ yóò ti dín kù dáadáa. Hẹ́dífóònù oníwáyà kò ní irú àìsàn yìí. HD 25 ti Sennheiser ti wà lọ́jà láti ọdún 1988. Ọ̀pọ̀ àwọn DJ ń lò ó, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló sì ṣeé tú kí wọ́n sì rà pààrọ̀, láti orí wáyà dé orí sípíkà. Nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù aláìní-wáyà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n rì bátìrì sí, àfi kí alátùn-únṣe tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó kàn án. Bí ti 400 dọ́là bá lo ọdún mẹ́rin, 100 dọ́là lọ́dún ni olówó rẹ̀ ń san, iye tí ẹlòmíràn fi ra odidi Space One kan.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Fairphone, ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands, gbé Fairbuds XL jáde lọ́dún 2023 ní 249 yúrò, pẹ̀lú bátìrì tí oníbàárà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé, láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì àwọn ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníbàárà lè yọ kó sì pààrọ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í sábà ṣe irú kan fún Yúróòpù kó tún ṣe òmíràn fún àgbáyé, nítorí náà ẹni tí kò kánjú lè jàǹfààní nínú òfin tí kì í ṣe ti ìlú rẹ̀.

Apá kan wà tí owó ìdákẹ́jẹ́ ti lè pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí lè gbọ́ ohùn tó tó 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu; bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù. Ìṣirò àjọ náà ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ń fi gbígbọ́ ohùn àgbọ́jù wu etí wọn léwu. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń kùn, ẹni tó fi ẹ́ẹ̀pìísì lásán sétí yóò gbé orin sókè títí yóò fi borí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí hẹ́dífóònù rẹ̀ ti gbé ẹ́ńjìnnì náà mì lè fi orin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Òǹkọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń jókòó ti jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, àti ẹni tí bàálù ti di ilé kejì fún, ni ọjà yìí bá mu. Ẹni tó ń gbọ́ orin nínú yàrá tó dákẹ́ lálẹ́ ń sanwó fún ohun tí kò nílò. Oníwáyà tó dára ní ìdajì owó náà lè fún un ní ohùn tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí fóònù rẹ̀ bá ṣì ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀.

Fẹ́ni tó pinnu láti ra ti olówó ńlá, ti èṣí ló sàn. XM4, tó jáde ní 350 dọ́là lọ́dún 2020, já wálẹ̀ lówó nígbà tí XM5 dé, síbẹ̀ ó ṣeé ká, XM5 kò ṣeé ká bẹ́ẹ̀. Àlòkù náà wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí bátìrì ni kí olùrà kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe dídán ara rẹ̀. Ayédèrú pọ̀ jù lọ lára AirPods Max àti ti Sony, àwọn kan nínú wọn sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan fóònù jẹ débi pé orúkọ tó tọ́ ni yóò hàn lójú rẹ̀. Ìdín-ariwo-kù ni ó ṣòro jù fún wọn láti sín jẹ. Kí olùrà fi í sétí láìtan orin, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ọlọ́jà, kó sì tan ìdín-ariwo-kù náà. Bí ìkùn jẹnẹrétọ̀ náà kò bá lọ sílẹ̀ lójijì, kó dá a padà fún ọlọ́jà.